A Máa Drop By

"Màmá, ṣé wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ni, àbí wọ́n ní àwọn lè wá?"

Afínjú, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, ló bi í. Àwọn méjèèjì di etí bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì kan mú ní yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, torí ṣíìtì ńlá kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá ká. Ìyá náà tún ọ̀rọ̀ tó gbọ́ sọ fún un. Ohun tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sọ lórí fóònù kò ju èyí lọ: "Màmá, a máa drop by lọ́sẹ̀ yìí." Òun, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ tuntun tí ìyá náà ò tíì fojú kàn.

"Kí ni wọ́n ń pè ní drop by yìí gan-an, Afínjú?"

"Kéèyàn kàn yà síbì kan ni, kó yọjú, kó máa lọ."

"Lọ́jọ́ wo?"

"Kò lọ́jọ́, Màmá. Bó bá ti lọ́jọ́, kì í ṣe drop by mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ní òun ń bọ̀ yẹ kó mọ ìgbà tó ń bọ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó panu mọ́. Síbẹ̀, ọmọ-ọmọ ni. Ó bẹ Afínjú pé kó bá òun dí àyè òun. Afínjú wá ń so etí ṣíìtì kan mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó ń dá iṣẹ́ ẹni méjì ṣe, nígbà tí ìyá náà jókòó ti fèrèsé nílé, ó nu àga, ó tún nù ún. Bí mọ́tò bá dún, á dìde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí di ọjọ́ Ẹtì. Ó wá pe ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ẹ ò wá mọ́ ni?"

"A máa wá, Màmá. Ṣùgbọ́n mi ò ní kẹ́ ẹ jókòó dè wá. Mo ní a máa drop by ni."

Lọ́jọ́ kejì, ó padà síbi iṣẹ́. Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, aládùúgbò rẹ̀ ní, "Ọmọ yín yà, wọn ò bá yín. Ọmọ tuntun yẹn ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀."

Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ṣé wọ́n ti wá ni, àbí wọn ò tíì wá?

Lọ́jọ́ Ajé, ó ní, "Afínjú, mo jẹ ọ́ ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ wo ni kí n san án?"

Afínjú rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í lẹ̀, Màmá. Mo máa drop by wá gbà á."

Ìyá náà di etí ṣíìtì tirẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ Afínjú. Kò mọ̀ bóyá kóun dúpẹ́ ni, tàbí kóun lọ nu àga.