Ohun Tó Kù Lórí Ajọ̀

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni kí o máa kọ ọ́, ọmọ ọmọ mi. Má bá mi tún un ṣe. Àtúnṣe ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di arọ lọ́dún yìí.

Orí omi ẹ̀gẹ́ ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀. Ẹni tó bá mọ abúlé wa lẹ́yìn Moniya mọ̀ pé kò sí obìnrin ibẹ̀ tí kì í ṣe gàrí. Èmi ti ń jọ gàrí kí ọmú tó yọ láyà mi. Lọ́jọ́ náà, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ ń yọ̀ bí ilá, mo bá lọ sílẹ̀ gbì, ìdí òsì ló kọ́kọ́ balẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo dìde. Mo tilẹ̀ bú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó tan gbogbo ilé jẹ nìyẹn: wọ́n ní ẹni tó ṣubú tó dìde tó tún ráyè bú èèyàn, kò sí ohun tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kejì, nǹkan ń gún mi ní oríkèé itan. N kò lè tẹ̀ fún rúkúù mọ́. Orí àga ni mo ti ń kírun bí arìnrìn-àjò inú mọ́tò. Ìyá rẹ, àbígbẹ̀yìn mi, dé láti Ṣáṣá tó ti ń ta ẹ̀wà, ó wo bí mo ṣe ń fa ẹsẹ̀, ó ní, “Màámi, ẹ wọ gèlè yín, ọsibítù yá.”

Ọkùnrin tó ń ya ẹ́síréè níbẹ̀ ti hewú, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ bẹ́líìtì bí ìyá àgbà tó ní yàrá oúnjẹ. Ó tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì líle, ó ti irin pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ìdí mi.

“Àbúrò, kí nìyẹn?”

“Ajọ̀ ni, Màmá.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ó ní rárá. Ó ní ìtànṣán tí òun fẹ́ rán gba inú ara mi kọjá dà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́. Òmíràn á lọ tààrà, á jíṣẹ́. Òmíràn á kọlu ẹran ara, á yà sọ́tùn-ún, á yà sósì, ibi tí a ò rán an ló máa yọ sí, á sì fi kùrukùru bo àwòrán. Bí ẹran ara bá ṣe pọ̀ tó ni àwọn tó ń yà ṣe ń pọ̀ tó. Irin yẹn ló ń dá wọn dúró. Mo ní ọ̀rọ̀ yé mi. Ó ya tiẹ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, bàtà rẹ̀ ń dán, kọ̀ǹpútà wà lábẹ́ apá rẹ̀. Wọ́n ní iléeṣẹ́ kan ló rán an wá kí ọsibítù dán ọjà wọn wò. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ìyẹn dára.

“Màmá, tiwa ò nílò ajọ̀ kankan. Ajọ̀ yẹn wúwo, ìtànṣán tó ń fẹ́ sì pọ̀. Ẹ jẹ́ ká yà á láìsí irin, kọ̀ǹpútà máa fọ àwòrán náà fúnra rẹ̀.”

“Kọ̀ǹpútà yín, ṣé ó wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ náà ń yà kúrò lọ́nà?”

“Kò sí níbẹ̀, Màmá. Ó ti rí àwòrán rẹpẹtẹ ni, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń yà.”

“Ó ń méfò nìyẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń fún ọmọdé ní súìtì. Ó ní, “Àwọn tí ara wọn tóbi báyìí gan-an la ń wá.”

Mo ní, “Ohun tí bàbá àwọn ọmọ mi náà sọ nìyẹn, kò sì gbé kọ̀ǹpútà wá.”

Ìyá rẹ fún mi nígbọ̀nwọ́. Wọ́n ya ẹlẹ́ẹ̀kejì láìsí irin.

Wàyí o, wá gbọ́ bí àwọn alákọ̀wé ṣe ń dán nǹkan wò. Dókítà kan wọlé pẹ̀lú bébà. Wọ́n gbé èyí tí wọn ò fi irin yà sójú kọ̀ǹpútà lọ́nà méjì: ọ̀kan tí wọn ò fọ̀, ó rí bí àárọ̀ ọyẹ́, ìkejì tí wọ́n fọ̀, ó funfun kinniwin. Orí bébà náà, àpótí kéékèèké wà níbẹ̀, láti orí èyí tí kò dára dé orí èyí tó dára gan-an. Dókítà á wò ó, á fàmì sí i. Ó tán! Ẹwà ni wọ́n ń díje lé lórí. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá òótọ́ ni.

“Màmá, èwo ló wù yín?” Ọlọ́jà, ọ̀dọ́mọkùnrin oníkọ̀ǹpútà yẹn, ló bi mí bẹ́ẹ̀.

“Ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́ ni?”

Dókítà fàmì sí àpótí tó ga jù. Ojú àwòrán tó funfun yẹn ló wò tó fi sọ fún ìyá rẹ pé egungun mi ò ní nǹkan kan, àgbà ló dé. Kí n máa rìn dáadáa lójoojúmọ́ kí itan má baà gan. Ìyá rẹ ní alihamudulilahi, ó ti ń ká ìborùn mi.

N kò dìde. Ara mi ni, èmi ló ń gún. Bí mo bá sì dìde lọ, kò ní sí ẹni tó máa gbà mí gbọ́ mọ́ nílé. Gbogbo ìgbà tí mo bá ké, wọ́n á ní dókítà ní kí n máa rìn.

Mo ní, “Ẹ fi ohun tó kù lórí ajọ̀ hàn mí.”

Bí ìyàwó tuntun bá wá jọ gàrí lọ́dọ̀ wa, a kì í wo inú ọpọ́n. Èyí tó bọ́ sínú ọpọ́n gbọ́dọ̀ kúnná, kí ni ì bá tún ṣe? Orí ajọ̀ là ń wò. Tó bá jẹ́ èèpo àti okùn inú ẹ̀gẹ́ nìkan ló kù síbẹ̀, ó mọ̀ ọ́n jọ̀. Bí a bá fọwọ́ pa á tí a rí ojúlówó gàrí láàárín okùn, ọ̀lẹ ni, oúnjẹ ilé ló fẹ́ dà fún ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kìíní tí mo jọ̀ ọ́ nílé ọkọ, èyí tó kù lórí ajọ̀ mi ni ìyá ọkọ mi fi tẹ ẹ̀bà fún mi, ó sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Ọlọ́jà ní, “Màmá, èyí kì í ṣe gàrí. Ìṣirò ni. Kò sí ohun tó kù.”

“Ohun tí ẹ yọ kúrò, ibo ló gbà?”

Ó wo òkè àjà. “Kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn lọ́wọ́ wa rí.”

Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ìwé tí wọ́n kà!

Ayàwòrán onírun funfun ló gbà mí. Ó ní, “Ó ṣeé ṣe. Ẹ yọ èyí tí ẹ fọ̀ kúrò lára èyí tí ẹ ò fọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, òun lẹ dà nù.”

Ọlọ́jà ní, “Ọ̀gá, àwọn èèyàn ń dúró níta.”

“Wọ́n á dúró.”

Ọlọ́jà tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ohun tó yọ rí bí èéfín ibi tí a ti ń yan gàrí. N kò mọ egungun, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí à ń dà nù: kì í ní bátànì kankan. Láàárín èéfín náà, mo rí ìlà tín-ín-rín kan, bí irun tó já sínú ẹ̀kọ mímu.

“Irun wo nìyẹn?”

Ayàwòrán lọ ṣí àwòrán tirẹ̀, èyí tó fi ajọ̀ irin yà, tí ẹnikẹ́ni ò tíì wò nítorí pé kò funfun tó ti ọlọ́jà. Ó mú ọrùn egungun itan mi tóbi sí i. Ìlà wà níbẹ̀. Dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan kọ̀ǹpútà.

“Màmá, ẹ má dìde o. Ẹ má fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ rárá.”

Ẹnu kan náà tó ní kí n máa rìn dáadáa!

Egungun ti sán. Wọ́n ní bí mo bá ń rìn ín lọ bẹ́ẹ̀, á já sí méjì, ọ̀pọ̀ àgbà ni irú rẹ̀ sì ń dá dùbúlẹ̀ tí wọn kì í dìde mọ́. Ìyá rẹ bú sẹ́kún. Mo ní kó gbé ìborùn mi kalẹ̀ ná. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí ọsibítù ńlá, wọ́n fi ìṣó mẹ́ta bíi ti káfíńtà kan egungun náà pọ̀. Ó ń jiná. Mo ń fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga.

Ọlọ́jà wá kí mi ní abúlé. Ẹrẹ̀ ti ba dídán bàtà rẹ̀ jẹ́. O wà níbẹ̀, ìwọ lo gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó ní, “Màmá, nínú gbogbo àwọn tí a dán an wò lára wọn, tiyín nìkan ló ṣì.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ṣé ẹ ti wo orí ajọ̀ àwọn yòókù?”

Ó bá fa fọ́ọ̀mù yọ: kí n tẹ̀ka kí wọ́n lè fi àwòrán mi kọ́ kọ̀ǹpútà náà lọ́gbọ́n. Mo ní màá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé dókítà kankan ò gbọdọ̀ fàmì sí àpótí kankan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n dà nù.

“Màmá, kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù.”

“Ẹ̀yìn bébà ńkọ́? Ó mọ́ láúláú.”

Ó kọ ọ́. Mo ní kí o kà á sí mi létí, o sì kà á: ó ti ki “tó bá ṣeé ṣe” bọ̀ ọ́ nídìí. Mo ní kó pa ìyẹn rẹ́. Ó wò mí, ó wò ọ́, ó pa á rẹ́. Mo wá tẹ̀ka.