Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Pàpá Kòmlá, Tó Rí Orúkọ Ara Rẹ̀ Nínú Aago

Ó dìgbà o, Pàpá. Ó dìgbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè dá. Ilé yín ní Agbonou ti dákẹ́, àwa ọmọ yín sì jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Bẹnuá Kòmlá, bàbá mi, ọkọ ìyá mi, mẹkáníìkì ọkọ̀ òfuurufú, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè, ẹni tí kì í fi irin sílẹ̀ láìnù ún, ẹni tó máa ń fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó fi kan oúnjẹ: èmi Àfí, àkọ́bí yín, ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí n kọ ọ́ ní ṣókí, kí n sọ pé ẹ ṣiṣẹ́, ẹ bímọ, ẹ sin Ọlọ́run, kí n sì fi ìyókù sílẹ̀. Èmi náà ti bẹ̀ yín rí pé kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. N kò ní í ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí ẹ fi ṣiṣẹ́ ní Lọmé, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe. Àwọn ẹlòmíràn ló ni ẹ́ńjìnnì. Tiyín ni àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó wà níwájú awakọ̀: èyí tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ga tó, èyí tó ń sọ bó ṣe ń sáré tó, èyí tó ń sọ ibi tí àríwá wà. Aago ni ẹ ń pe gbogbo wọn, àwa náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì tí ẹ padà sí Agbonou, a rò pé oko nìkan ni ẹ máa dojú kọ. Ẹ dá oko lóòótọ́, ẹ gbin iṣu, ẹ gbin àgbàdo. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ kan wà nínú koríko lẹ́yìn abúlé Datcha, ọkọ̀ kékeré tó balẹ̀ síbẹ̀ nígbà kan tí kò sì gbéra mọ́. Wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀, agbọ́n sì kọ́lé sí abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ bá baálẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀. Baálẹ̀ bi yín bóyá ẹ fẹ́ máa fò ó ni. Ẹ ní, “Rárá o. Mo kàn fẹ́ kó má bàjẹ́ ju báyìí lọ ni.”

Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ẹ ó gun alùpùpù akérò lọ sí Datcha pẹ̀lú kẹrosíìnì, òróró àti àkísà. Ẹ lé ewúrẹ́ jáde. Ẹ fi páànù bo orí ọkọ̀ náà. Ẹ ha ìpẹtà kúrò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo ní kí ẹ ra ọ̀dà kí ẹ kùn ún kó lè dán, ẹ kọ̀. Ẹ ní, “Bí mo bá kùn ún, ọ̀dà mi ni ẹ ó máa wò, ẹ ò ní í rí ọkọ̀ náà mọ́.” Ọdún méje ni ẹ fi ṣe èyí, láìsí ẹni tó rán yín.

Bí àwọn ènìyàn ṣe gbọ́ nípa rẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń gbé aago àtijọ́ wá fún yín láti ibi gbogbo kí ẹ lè sọ ohun tó jẹ́. Ẹ kì í wo ojú rẹ̀. Ẹ máa ń ní, “Wọ́n ti lè pààrọ̀ ojú. Ẹ yí i padà ká ka ẹ̀yìn rẹ̀.” Ẹ ó fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin, ẹ ó ṣí ìwé Faransé yín tó ti fàya, ẹ ó sì sọ irú ọkọ̀ tó ti wá àti iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Àwọn tí ojú wọn ń tàn nínú òkùnkùn, ẹ kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kàn. Ẹ ní májèlé ni ọ̀dà náà. Ẹ kó wọn sínú àpótí irin, ẹ gbé e jìnnà sí ilé ìdáná.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù lẹ́bàá títì gbé aago kan wá. Àgbẹ̀ kan tó ń gbé lábẹ́ òkè ló ti gbé e kọ́ ara ògiri rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí àgbẹ̀ náà kú ni àwọn ọmọ rẹ̀ tà á. Inú yín dùn gan-an, nítorí aago tó ń sọ gíga ni, àyè irú rẹ̀ gan-an ló sì ṣófo níwájú ọkọ̀ Datcha. Sátidé ni. Mo wà nílé. Ẹ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ẹ tú u, ẹ to àwọn sukúrù rẹ̀ sórí aṣọ funfun.  Ẹ pè mí pé, “Àfí, wá ka èyí fún mi.” Nínú ìdérí rẹ̀, ẹnì kan ti fi ṣóńṣó irin kọ lẹ́tà méjì, B àti K, pẹ̀lú ọjọ́ kan. Mo bi yín ta ni B.K. Ẹ ní, “Èmi ni. Ẹni tó bá tún aago ṣe ló máa ń kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ó ṣẹ́ku ọ̀sẹ̀ kan kí Mátíà tó kú.”

Mo mọ orúkọ Mátíà. Awakọ̀ òfuurufú ni, ọ̀rẹ́ yín tó máa ń jẹun nílé wa ní Lọmé. Kí n tó wọ ilé ìwé ló ti kú. Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń gbé oògùn àti lẹ́tà láti Lọmé lọ sí àríwá ní ìgbà òjò, ìkùukùu bo ilẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì kọ lu òkè lẹ́bàá Atakpamé, òkè kan náà tí àgbẹ̀ yẹn ń gbé lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ni ọkọ̀ náà ní ó ti mutí. Kò sí ẹni tó rí ìgò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Ablá, kó àwọn ọmọ padà sí ìlú wọn, Glei, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń fi ọkọ rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ fi ohun tí ẹ rí nínú aago náà hàn mí. Nígbà tí mẹkáníìkì bá ti mú sukúrù le, á kán ọ̀dà pupa díẹ̀ sí i, kí ẹni tó bá wò ó lè mọ̀ pé ó ti le. Gbogbo sukúrù tó wà nínú aago náà ló ní ọ̀dà pupa, àfi ẹyọ kan, èyí tó di ọwọ́ aago mú. Ẹ fi ìka kàn án, ó yí. Ọwọ́ aago náà ń yọ̀ lórí ìdí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n, ó lè máa sọ fún awakọ̀ pé òun ga ju òkè lọ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní ó lè jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ já ló tú. Ẹ ní, “Ọ̀dà kì í tú. N kò fi sí i rárá ni.”

Pàpá, ibí ni ìtìjú mi wà. Mo sọ fún yín pé, “Ẹ dì í padà. Ẹ jù ú sínú kànga. Ta ló máa mọ̀?”  Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ fi jókòó ti aago náà, ẹ kò sì jẹun dáadáa. Ní ọjọ́ kẹrin ẹ ní, “Mo ti ń wá ọjọ́ náà nínú orí mi. N kò rántí ẹni tó pè mí, n kò rántí ohun tó gbé mi dìde. Ká ní mo rántí ni, ǹ bá rí nǹkan sọ fún Ablá.” Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ẹ ti pinnu.

Èmi ni mo bá yín lọ sí Glei. Màmá Ablá ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ àtíbàbà. Ó fún wa ní àga, ẹ kò jókòó. Ẹ ní, “Ablá, ọtí kọ́ ló pa Mátíà. Èmi ni.” Ẹ tú aṣọ tí ẹ fi wé aago náà, ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, láìfi nǹkan kan rọ ara yín lọ́rùn. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Ó wá ní, “Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo fi ń bá òkú jà. Bí mo bá ń fọṣọ, mo máa ń bú u. Mo ní ó fi ọtí sọ mí di opó.” Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “N kò lè dárí jì yín, ẹ má bi mí. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ ti Mátíà.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn Máàsì, fadá fún yín láàyè ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ẹ dúró níwájú, ẹ di fìlà yín mú ní ọwọ́ méjèèjì. Ẹ ní, “Ẹ ti ń pe Mátíà ní ọ̀mùtí. Ó wo aago tí mo tún ṣe, ó sì gba aago náà gbọ́. Ẹ̀bi mi ni.” Ẹ kò sunkún. Ọkùnrin kan dìde, ó jáde. Àwọn yòókù jókòó, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò wò. Nígbà tí a dé ìta, Màmá Ablá na ọwọ́, ẹ gbé aago náà lé e lọ́wọ́. Ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ọkọ rẹ̀, ó sì sin ín síbẹ̀. Ẹ fi awọ dí ihò tó ṣófo nínú ọkọ̀ Datcha, ẹ kò sì wá òmíràn mọ́.

Kò rọrùn lẹ́yìn náà. Àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ pè láti Lọmé, wọ́n ní kí ló dé tí ẹ ń hú ohun tó ti jẹrà. Ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni ọkọ̀ náà, wọn kò fèsì títí ẹ fi kú. Àwọn tó ń gbé aago wá fún yín dín kù. Ẹ ṣì ń lọ sí Datcha, ṣùgbọ́n ẹ máa ń wo iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ ó kúrò níbẹ̀, ẹ ó tún padà lọ wò ó.  Rọpárọsẹ̀ dé ní ìgbà ọyẹ́, ó mú apá ọ̀tún àti ahọ́n yín. Nígbà tí a gbé yín dé ilé ìwòsàn, dókítà ní kí a máa múra sílẹ̀.

Màmá Ablá wá ní ọjọ́ kẹfà. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì yín láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Kò sọ pé òun ti dárí jì yín, n kò sì ní í parọ́ mọ́ ọn nínú ìwé yìí. Ó rẹ aṣọ sínú omi, ó ń fi nu ètè yín tó ti gbẹ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Omi ń dà lójú yín, ó sì ń nu ìyẹn náà. Ọjọ́ kejì ni ẹ lọ.

Pàpá, lánàá, bí mo ṣe ń parí ọ̀rọ̀ yìí, Kọ̀fí ọmọ Mátíà pè mí láti Lọmé. Ó ní òun kò ní í lè wá síbi ìsìnkú, ọkàn òun kò tíì gbà á. Ó ní ṣùgbọ́n ìyàwó òun ti bímọ ọkùnrin. Ó ní látìgbà tí bàbá òun ti kú, kò sí ọmọ kan nínú ilé wọn tí wọ́n fún ní orúkọ rẹ̀, nítorí ìtìjú. Ó ní, “Mátíà ni a sọ ọ́.” Lẹ́yìn náà ó pa fóònù.

Ẹ sùn re o, Pàpá. Iṣẹ́ yín ti tó.

Àfí, ọmọ yín.