Ẹ Má Fi Ìbúra Dán Bátìrì Wò

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kórìíra Mùnírátù, ìyá Azeezah, mi ò sì ní fi bò. Gbogbo àwa tí à ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ lẹ́yìn Challenge ní Ìlọrin la kórìíra rẹ̀. Bí a bá ti rí i tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà, pẹ̀lú híjáàbù aláwọ̀ eérú rẹ̀ àti báàgì dúdú tó máa ń há mọ́ abíyá, ẹnì kan á wúkọ́, ẹlòmíì á rántí pé òun fẹ́ lọ jẹun. Orúkọ tí a sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá Ẹ-Tàn-Án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún díẹ̀, àdúgbò Adéwọlé ló sì ń gbé. Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni wọ́n gbà á fún, ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ dé ọ́fíìsì wọn, tí àwọn ọ̀gá ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án, òun ni wọ́n ní kó jókòó sídìí rẹ̀. Kò kúrò nídìí rẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, tí ẹnikẹ́ni ládùúgbò rẹ̀ bá fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tàbí fíríìjì tàbí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ. Á bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fi tẹ ìwé nìkan, á ní kó má ṣe jẹ́ kí a ta èyí tí àwọn tó ń ṣe fíìmù ń lò fún un. Lẹ́yìn náà á tẹ̀lé wọn wá bá wa. Kì í gbà ju owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, á yọ ṣájà kúrò lára láptọ́ọ̀pù, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á jókòó. Á ṣí i, á pa á dé, á tún ṣí i, á dẹtí sí ìdè tó so ojú rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Á ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ibà ọmọ. Lẹ́yìn náà á tẹ orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ó ní nínú ilé tí Abdulqudus àti Azeezah wà, lẹ́tà tó máa ríbi sá pamọ́ sí kò pọ̀. Wákàtí kan lè kọjá kó má sọ ju "ẹ má bínú" lọ. Bí bátìrì bá kú kí aago rẹ̀ tó pé, á dìde, á ní "ẹ kú ọjà o," ó lọ nìyẹn, oníbàárà wa á sì tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn wá jù kì í ṣe ọjà tó ń bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìbúra wa ló ń bà jẹ́. Ní Ìlọrin, tí ọkùnrin bá ti dárúkọ Ọlọ́run lé ọjà lórí, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọlọ́jà á ní, "Wàláhì, ẹnikẹ́ni ò tú inú rẹ̀ rí." Oníbàárà á ní, "Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i." Owó dọ́wọ́. Ẹni tó bá tún ń yẹ ọjà wò lẹ́yìn ìyẹn, ó ti pe ọlọ́jà ní òpùrọ́, ó sì ti pè é ní aláìgbàgbọ́ lé e. Èmi Kọ́lápọ̀, ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, mi ò lè sọ wàláhì. Èmi a máa ní, "Ọlọ́run tó dá mi ń gbọ́." Ó ń ṣiṣẹ́ bákan náà.

Ìyá Azeezah kì í gba ìkankan nínú méjèèjì. Ìbúra ni wọ́n fi ta láptọ́ọ̀pù fún ọmọ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́dún tó kẹ́yìn ní yunifásítì. Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí ọmọ náà kó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún olùkọ́ ni ẹ̀rọ dákẹ́, iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ bá a lọ, ọmọ tún ọdún ṣe. Nígbà tí ìyá gbé ẹ̀rọ náà padà lọ bá ẹni tó tà á, ọkùnrin náà ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Ìyá Azeezah ní láti ọjọ́ náà lòun ti yọ Ọlọ́run kúrò nínú ẹjọ́ bátìrì.

Ọjọ́ Àtàláátà kan ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Saeedah, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù Abdulmateen, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín tirẹ̀ àti tèmi. Abdulmateen kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n inú máa ń tètè bí i, ilé àwọn alfa ló sì ti wá. Kí obìnrin náà tó rí àyè jókòó, ó ti nàka sókè.

"Wàláhì, Màmá, bátìrì yìí á lo wákàtí mẹ́ta láìsí iná."

"Má búra, ọmọ mi," ni Ìyá Azeezah wí. "Yọ ṣájà rẹ̀."

"Màmá, mo ti búra."

"Mo gbọ́. Yọ ṣájà rẹ̀."

Gbogbo láìnì wa gbọ́ ariwo tó tẹ̀lé e. Abdulmateen ní bàbá òun ti ń kọ́ èèyàn ní kéwú ní Ọjà Tuntun kí ẹnikẹ́ni tó gbé kọ̀ǹpútà wọ Ìlọrin, ẹnìkan ò sì lè dúró nínú ṣọ́ọ̀bù òun kó pe òun ní elékèé. Ó gbé láptọ́ọ̀pù náà kúrò nílẹ̀, ó ní òun ò tà á mọ́. Saeedah bú sẹ́kún, torí ó ti wá gbogbo ìgboro, èyí nìkan ló bá agbára rẹ̀ mu. Ìyá Azeezah kò gbóhùn sókè. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ẹ̀rọ ni mo bi léèrè ọ̀rọ̀, ìwọ lò ń dáhùn."

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹjọ́ ti dé ọ̀dọ̀ Àlàájì Mọ̀múdù, alága ẹgbẹ́ wa, àgbàlagbà tí gbogbo wa ń bẹ̀rù. Ẹgbẹ́ pinnu pé ní ọjọ́ Àlàmíìsì, lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí obìnrin náà wá bẹ Abdulmateen lójú gbogbo wa. Tí kò bá bẹ̀, kò gbọdọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù kankan lọ́dọ̀ wa mọ́ láéláé, ẹni tó bá sì mú un wá, a ò ní tajà fún un. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà, inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Èmi náà ni wọ́n fi rán. Mo bá a níwájú ilé rẹ̀ ní Adéwọlé, ó ń gbọn eruku kúrò nínú fáànù aládùúgbò kan. Àbúrò rẹ̀, Alfa Abdulmumini, jókòó tì í, ó hàn pé ọ̀rọ̀ náà ló gbé òun náà wá. Obìnrin náà fún mi lómi kó tó gba lẹ́tà. Ó kà á tán, ó ká a padà bí mo ṣe ká a.

"Ẹ bẹ̀ wọ́n kó tán," ni Alfa wí. "Ẹ̀bẹ̀ la ń bẹ òṣìkà pé kó tún ìlú ṣe."

"Abdulmateen kì í ṣe òṣìkà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn, "ìlú ò sì bà jẹ́. Ṣájà ni mo ní kó yọ."

"Ṣé torí ṣájà lẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n lé yín lọ́jà?"

"Tí mo bá bẹ̀, ó di pé ẹni tó yẹ ọjà wò ti dẹ́ṣẹ̀. Tó bá dọ̀la, tí ọmọ bíi Saeedah bá ní kí wọ́n jẹ́ kóun wò ó, wọ́n á ní Ìyá Azeezah pàápàá bẹ̀bẹ̀." Ó kọjú sí mi. "Sọ fún Àlàájì pé mò ń bọ̀, Kọ́lápọ̀. Ẹ̀bẹ̀ nìkan ni mi ò ní mú dání."

Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń padà lọ. Mo ti rí ọkùnrin tó fi ẹnu ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó dé iwájú Àlàájì tó sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Nítorí náà mo kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé náà sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí n má bàa pẹ́ kí n tó délé: "Obìnrin náà tọrọ àforíjì."

Ní Àlàmíìsì, ṣọ́ọ̀bù Àlàájì kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá Azeezah wọlé, Saeedah tẹ̀lé e. Ó kúnlẹ̀ kí Àlàájì dáadáa, ó kí i kú ìrọ̀lẹ́, kú iṣẹ́, kú ìnáwó ọmọ. Abdulmateen, tó gbé láptọ́ọ̀pù náà dání wá, ti ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà dìde, ó gbọn eékún rẹ̀.

"Ti ìkíni nìyẹn, Àlàájì. Ti ẹ̀bẹ̀ ò sí nínú rẹ̀."

Àlàájì ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó ní Abdulmateen ti ṣe tán láti tún búra lójú gbogbo wa, pé tó bá ti búra, kí Ìyá Azeezah gbà, kó bẹ̀ ẹ́, kí a túká.

"Ẹ má fi orúkọ Ọlọ́run dán bátìrì wò," ni Ìyá Azeezah wí. "Ẹ̀yin àgbà lẹ kọ́ wa nílé kéwú. Ọjọ́ tí Ànábì bá òkìtì ọkà lọ́jà, ṣé ó ní kí ọlọ́jà búra? Ọwọ́ ló tì bọ inú rẹ̀, ó bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní tútù tí wọ́n fi gbígbẹ bò mọ́lẹ̀. Kí ló dé tí ọwọ́ tèmi fi di èèwọ̀?"

Tẹ̀sùbáà dúró. "Abdulmateen," ni Àlàájì wí, "yọ ṣájà rẹ̀."

A jókòó. Ìyá Azeezah tan ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ náà dé góńgó, ó fi fídíò sí i, ó wo aago. Ìṣẹ́jú ogún kọjá. Wákàtí kan kọjá. Àwọn kan jáde, wọ́n padà wá bá a bó ṣe wà. Nígbà tí wákàtí kejì pé, bátìrì ò tíì lo ju ìlàjì lọ. Abdulmateen fò dìde, ó ń pàtẹ́wọ́.

"Màmá, ẹ bẹ̀ mí báyìí."

Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn débi pé mo ti di gègé mú.

Ìyá Azeezah pa láptọ́ọ̀pù náà dé, ó gbé e lé Saeedah lọ́wọ́. "Sanwó fún un. Ọjà rẹ̀ dára, mo jẹ́rìí sí i, mo sì máa sọ ọ́ ní Adéwọlé." Ó wá kọjú sí Abdulmateen. "Ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀ ọ́. Ohun tí mo ní kí o ṣe lọ́jọ́ Àtàláátà náà lo ṣe lónìí. Òótọ́ lo sọ. Tó bá sì jẹ́ irọ́ lo pa, bí ìbúra rẹ ì bá ṣe dún náà nìyẹn. Báwo ni kí n ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò bẹ̀."

Gbogbo ojú wá sára mi. Mo fa ìlà gba orí ohun tí mo ti kọ, mo sì kọ èyí tó sọ. Abdulmateen ń wo ilẹ̀, àmọ́ ó nawọ́ mú ṣájà, ó fi fún Saeedah.

Mo rò pé ó ti parí nígbà tí Àlàájì dìde. Ó lọ sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó gbé láptọ́ọ̀pù kan jáde nínú ọ̀rá, ó gbé e síwájú Ìyá Azeezah. "Bá mi wo èyí. Láti ààwẹ̀ tó kọjá ni kò ti tàn mọ́."

Mo mọ̀ ọ́n kó tó bọ́ nínú ọ̀rá tán. Mo mọ àmì funfun tó wà légbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta ló tà á fún yín, Àlàájì?"

"Ẹni tó búra fún mi ni." Kò wo ẹnikẹ́ni.

"Ṣé ó tàn án láìsí ṣájà?"

"Mi ò ní kó tàn án. Ó ti dárúkọ Ọlọ́run. Mo wá ń tijú láti gbé e padà lọ bá a."

Odindi oṣù mẹ́rin ni bàbá yìí fi ń kí mi láràárọ̀, tó ń béèrè àwọn ọmọ mi lọ́wọ́ mi, tí ẹ̀rọ náà sì wà nínú ọ̀rá. Mi ò mọ̀ pé ó bàjẹ́ lọ́jọ́ tí mo tà á, mi ò sì mọ̀ pé kò bàjẹ́. Mo kàn búra ni. Ojú tì mí. Mo gbé ìwé ìpàdé sílẹ̀, mo dìde.

"Èmi ni," ni mo wí. "Àlàájì, ẹ forí jì mí. Ọlọ́run tó dá mi ń gbọ́, mi ò mọ̀ pé…"

Ìyá Azeezah gbé ọwọ́ sókè. Ó ti dojú ẹ̀rọ náà dé, ó ti ń wá ibi tí bátìrì wà.

"Má búra, Kọ́lápọ̀," ló wí. "Lọ mú ṣájà wá."

Mo lọ mú un wá.