Ère Alágbàfọ̀ Létí Orísun

Aṣọ ibùsùn tí Ìyá Alágbàfọ̀ ti fọ̀ létí orísun ìlú yìí, bí wọ́n bá so gbogbo ẹ̀ pọ̀, yóò yí ayé po, èyí tó bá ṣẹ́kù yóò sì tó ṣe kọ́tìnnì fún òṣùpá. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Ẹ̀rọ omi ilé ẹ̀, ikọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n hú.

Ìgbà tí àwọn kan fẹ́ fi ilẹ̀ etí orísun náà kọ́ ilé epo, tí káńsù sì ní rárá, ọgbà ìgbafẹ́ ni yóò jẹ́ fún gbogbo èèyàn, òun ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbin òdòdó, wọ́n to bẹ́ńṣì. Oníṣẹ́ ọnà kan wá bá a nídìí aṣọ, ó ní kó má mira kóun lè ya àwòrán ẹ̀. Ó dúró gbagidi.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ọgbà, ó gbé bàsíà dé géètì. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n fi ṣọ́ ibẹ̀, kọ́là ẹ̀ le bíi páànù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé. Bàsíà ni ò lè wọlé."

"Kí ni bàsíà ṣe yín?"

"Wọ́n ní aṣọ fífọ̀ á ba ìtàn ibẹ̀ jẹ́."

Ó na ọrùn wò. Lórí òkúta tó ti máa ń fọṣọ gan-an, ara ẹ̀ ló rí: ojú sìmẹ́ǹtì, bàsíà sìmẹ́ǹtì. Wọ́n kọ ọ́ sí ìdí ẹ̀ pé: Obìnrin Ayé Àtijọ́.

"Èmi ni ayé àtijọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro tiṣẹ́ mi."

"Iṣẹ́ tèmi ńkọ́? Aṣọ tí mo fọ̀ níbí ló rán ẹ níléèwé, títí o fi mọ bí wọ́n ṣe ń ti géètì mọ́ èèyàn."

Ó fi èjìká tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ gbé bàsíà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère, ó ṣán ìró, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kò pẹ́ tí alága káńsù kó àlejò dé. Àwọn àlejò rò pé ara ìran ni. Wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Alága rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń ro, ó tẹ̀ síbi etí ẹ̀, ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

"Màmá, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa wá lọ́jọ́ tí àlejò bá ń bọ̀ nìkan. A ó rán aṣọ àtijọ́ fún yín."

Kò gbójú sókè.

"Alága, ojoojúmọ́ ni aṣọ ń dọ̀tí. Ẹ sún díẹ̀, ẹ ti dí mi lọ́nà omi."

Alága wo kámẹ́rà àwọn àlejò, ó sún. Ìyá Alágbàfọ̀ sì bu omi tí yóò fi ṣan aṣọ àkọ́kọ́.