Kí Tírélà Wá Gbè É fún Mi

Wọ́n ní olórin ìgbàlódé ni mí. Orin mi, wọ́n ní, kì í ṣe fújì, kì í ṣe hípọ́ọ̀pù, kò sì jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin kan tiẹ̀ kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé mo ti dá irú orin tuntun sílẹ̀ láyé. Ẹ ṣeun o. Ẹ bá mi kí ara mi kú iṣẹ́.

Aláró ni ìyá mi, ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìgbẹ̀ìn ló ti ń rẹ aṣọ. Òun náà ló ń dá orin fún ẹgbẹ́ àsàlátù àdúgbò. Bí ọwọ́ bá ti wọnú ìkòkò aró, ìyá mi á dá orin, àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń bá a ṣiṣẹ́ á gbè é. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin kan. Bí orin bá jẹ́ ti ẹlòmíì, wàá kọ́kọ́ sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó o ti gbọ́ ọ, wàá sì tọrọ ààyè. Bí o ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbè é. Wọ́n á kàn dákẹ́, wọ́n á máa rẹ aṣọ wọn lọ. Mo ti rí àgbàlagbà tí ojú tì níbẹ̀ bí ẹni jí ẹran nínú ọbẹ̀.

Inú orin yẹn ni mo dàgbà sí. Mo mú èyí tí ìyá mi fẹ́ràn jù, mo fi gìtá sí i, mo fi bíìtì sí i, mo ń kọ ọ́ níbi àríyá káàkiri, mo ní tèmi ni.

Lọ́jọ́ tí rédíò kan pè mí, ìyá mi ti kéde fún gbogbo ọjà. Àwọn obìnrin rẹ̀ pa iṣẹ́ tì, wọ́n yí rédíò ká. Atọ́kùn bi mí pé níbo ni mo ti rí irú orin yìí. Ìbéèrè ọmọdé. Háà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tó sùn ní Lọ́ńdọ̀nù mọ́jú. Mo ní ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Mo ní ariwo àwọn tírélà símẹ́ńtì tó ń kọjá l'Ewékorò ni mo fi ṣe olùkọ́. Ojú ló ń tì mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní ọmọ aláró lásán ni mí.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó ní, “Kú iṣẹ́ o,” ó sì bu ọbẹ̀ fún mi.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo fẹ́ lọ gba orin náà sílẹ̀. Ohùn ìyá mi ni mo fẹ́ fi ṣe ègbè, ní ibi mẹ́rin péré nínú orin náà. Mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbè é.”

Ó ń fún aṣọ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. “Lọ pe tírélà kó wá gbè é fún ẹ.”

Àwọn obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ ní ká wá ohùn ẹlòmíì. Mi ò lè ṣe é. Mo fi ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lófìfo, orin sì jáde bẹ́ẹ̀. Kí lẹ rò pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n orin sọ? Wọ́n ní inú ìdákẹ́ yẹn gan-an lọgbọ́n wà! Wọ́n ní àfi ẹni tí ìfẹ́ ti fìyà jẹ ló lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan l'Ékòó ti ń dákẹ́ nínú orin tiwọn náà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Èmi tí wọ́n ń yìn, mi ò lè gbọ́ ọ tán. Bó bá ti dé ibi òfìfo àkọ́kọ́, màá pa á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kúnlẹ̀ sínú omi aró tó dà sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, lójú ìyá mi àti àwọn obìnrin rẹ̀, tòun ti aṣọ funfun tí mo fi ń ya fọ́tò. Mo ní, “Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti gbọ́ orin yìí. Mo parọ́. Ẹ fún mi láàyè.”

Wọ́n ń rẹ aṣọ wọn lọ. Mo dá orin náà láìsí gìtá. Mo dé ibi ègbè àkọ́kọ́, wọ́n dákẹ́. Mo dé ìkejì, wọ́n dákẹ́. Kí n tó dé ìkẹta, ìyá mi gbọn aró kúrò lọ́wọ́.

“O ń sáré jù. Tún un dá.”

Mo tún un dá. Ó gbè é. Àwọn mẹ́rin yòókù bá a gbè é, ó sì dùn ju gbogbo ohun tí mo ti kọ láyé mi lọ.

Ọwọ́ mi ti ń yọ́ lọ sápò, níbi tí fóònù tí mo fẹ́ fi gbà á sílẹ̀ wà. Màámi rí mi.

“Bó o bá fọwọ́ kan nǹkan yẹn, màá dákẹ́.”

Mo yọwọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìdákẹ́ mi, ẹ máa gbádùn rẹ̀ lọ. Èmi ti gbọ́ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀.