Ọkọ̀ Ìsáré Tí A Tò Fún Ọwọ́ Ọ̀tún

Páálí kan ni àkọ́bí wa fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Mo rò pé oògùn bàbá rẹ̀ ni, tàbí bàtà. Nígbà tí mo tú u, ike dúdú, irin wẹ́wẹ́, táyà rọ́bà mẹ́rin, nọ́ọ̀tì àti ìdè kéékèèké tí ojú mi kò fẹ́ẹ̀ rí ló dà sórí tábìlì. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní, "Mọ́mì, ọkọ̀ ìsáré ni, èyí tí wọ́n ń fi rímóòtù darí. Ẹ̀yin àti Dádì lẹ máa tò ó." Mo bi í bóyá kò sí èyí tí wọ́n ti tò tán lọ́jà ibẹ̀ ni. Ó ní ó wà, ṣùgbọ́n títò rẹ̀ gan-an ni oògùn.

Inú mi kò dùn sí i rárá. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ọkọ mi, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti kọ iṣẹ́, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń wọṣọ fún un, kí n tó lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí n tó tún padà wá dáná. Obìnrin tó ń fi ìdárayá tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn ti sọ pé iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ni kí a máa fún àwọn ìka náà ṣe, kí wọ́n má bàa gan. Bọ́ọ̀lù rọ́bà tó fún un pé kó máa tẹ̀, ó jù ú sábẹ́ àga, ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ọkọ̀ ló mọ̀. Ọ̀nà Kabba sí Lókọ́ja ló ń ná kí n tó fẹ́ ẹ, bọ́ọ̀sì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé wa báyìí, tí adìyẹ aládùúgbò ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gun ọ̀kadà nínú ìlú, kì í jẹ́ kí Sọ́ńdè kan kọjá kó má yà. Á kí wa bí wọ́n ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa: "Okun o, ẹ̀gbọ́n. Okun o, ìyàwó wa." Bó bá mu omi tán, á wo ojú fèrèsé, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mọ́tò kì í fẹ́ ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n máa wà á títí ara yín á fi yá." Ọkọ mi á kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó rí ọkọ̀ ìsáré náà ní túkátúká lórí tábìlì, tó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bínú.

Ó ní, "Táyà mẹ́ta ni màá tò sí pápá ilé ìwé yẹn. Lọ́jọ́ tí mo bá wa ọkọ̀ kékeré yìí yí wọn ká láì kan ọ̀kankan, mo ti padà sí ọ̀nà Lókọ́ja nìyẹn. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ tí n kò tíì ṣe é, wá mú kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì."

Ẹ̀rù bà mí. Bó bá ṣe é, yóò fi ọwọ́ yẹn kó ọmọ ọlọ́mọ kún bọ́ọ̀sì. Bí kò bá ṣe é, kí ni yóò kù tí yóò máa jí ṣe láàárọ̀? N kò mọ èyí tí mo fẹ́. Mo kàn mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí.

Inú atẹ tí mo fi ń ṣa ẹ̀wà la da àwọn ìdè náà sí, nítorí bí ọ̀kan bá jábọ́ sílẹ̀, ó di dandan kí èmi wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá, àwòrán ló kún inú rẹ̀. Èmi ń wo àwòrán, ọkọ mi kò fẹ́ wò ó. "Èmi tí mo ti tú jíà bọ́ọ̀sì ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí mo tún un dè, tí a sì délé, ìwọ fẹ́ fi àwòrán kọ́ mi?" Bẹ́ẹ̀ la ṣe de apá iwájú ti òsì sí ọ̀tún, tí a de ti ọ̀tún sí òsì, tí táyà méjèèjì dojú kọ ara wọn bí àwọn tó ń jà. A tú u. A tún un dè. Mo ń bú u nínú ọkàn mi, mo sì ń bú ọmọ tó fi páálí ránṣẹ́. Àmọ́ kí n sọ òótọ́: ìka ọ̀tún tó kọ bọ́ọ̀lù rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìdè. Á mú u, á jábọ́, á tún mú u. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ yẹn de ìdè kan tán, ó nawọ́ sí atẹ láti mú òmíràn. Mo lọ nu omijé ojú mi nínú kíṣìnnì, mo ní èéfín ni.

Gírísì tó bá ọkọ̀ náà wá, inú ọ̀rá kékeré kan ló wà. Ọkọ mi wò ó, ó ní eléyìí kò tó fi pa ẹsẹ̀ eèrà. "Bu òrí wá." Lọ́dọ̀ wa níbí, kò sí ohun tí òrí kì í ṣe. À ń fi pa ọmọ tuntun, à ń fi wọ́ ẹsẹ̀ tó rọ́, à ń fi sí ilẹ̀kùn tó ń dún àti ṣéènì kẹ̀kẹ́. Kò sí ẹni tí kò ní bu òrí nínú wa. Mo bù ú, ó sì rá a mọ́ inú jíà títí ó fi ń dán. Ọkọ̀ náà sáré ní pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó lọ kọlu ẹsẹ̀ àga, a sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Àṣé ọyẹ́ ń bọ̀. Láàárọ̀ Sátidé tí a gbé e dé pápá, òtútù mú, eruku pupa wà lójú ọ̀run. Ọkọ mi fi ìka òsì fa ohun tó ń mú un sáré. Ọkọ̀ náà kérora, kò kúrò lójú kan, òórùn jíjó sì gba imú wa. Mo tú u nílé: òrí ti dì, ó ti pọ̀ mọ́ eruku, ó le koránkorán bí ẹ̀kọ àná. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti kẹrosíìnì ni mo fi fọ eyín jíà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi tí èdè Yorùbá àti ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí mo ṣe tán, gírísì kékeré inú ọ̀rá yẹn náà ló tó o.

Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ mìíràn dé bá mi. Rímóòtù náà ní ọwọ́ bí ti ìbọn. Ọwọ́ òsì ló ń dì í mú, tí ìka rẹ̀ ń fa ohun tó ń mú ọkọ̀ sáré. Ìdarí jẹ́ àgbá kékeré kan bíi ti kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló ń yí i. Gbogbo Sátidé ni ọkọ̀ náà ń kọlu táyà, gbogbo Sátidé ni ọkọ mi sì ń béèrè láti orí àga rẹ̀ pé, "Kí ló ṣe é?" Mo máa ń gbé e yẹ̀ wò, n kì í sì í ṣàìrí nǹkan. Eruku wọ inú táyà iwájú kò jẹ́ kó yí dáadáa. Ìdè kan tú. Sítíárìn ń fà sí òsì. Iná kò wá lóru, bátìrì kò kún. Ọkọ mi á mi orí. "Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ni." Èmi á sì gbé e lọ sílé lọ tún un ṣe.

N kò ṣe é ní ìdákúdà. Mo ń fẹ́ eruku kúrò, mo ń fún ìdè, mo ń gbá bátìrì mọ́ra lọ sí ilé ìwé nítorí ibẹ̀ ní sóòlà. Ó ṣe mí ní ẹ̀rín pé ọkọ̀ tí mo ń bẹ Ọlọ́run kó má ṣe dáadáa ni mò ń tọ́jú bí ọmọ. Mi ò mọ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ láàbọ̀, ìyẹn ni wàhálà mi.

Sátidé tó gbẹ̀yìn, ojú ọ̀run ti ṣú sí ìhà ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ òjò ń fẹ́. Lálẹ́ Fráídè mo ti yẹ gbogbo ara ọkọ̀ náà wò. Bátìrì kún. Táyà ń yí láìdún. Mo tì í lórí sìmẹ́ńtì, ó sì lọ tààrà títí dé ògiri.

Ó kọjá táyà kìíní. Mo mú aṣọ mi sẹ́nu. Ó yí èkejì ká, ó ṣe roboto bí ẹni pé wọ́n fi okùn fà á, ọkọ mi sì gbéra díẹ̀ lórí àga. Nígbà tí ó dé ìkẹta, àgbá ìdarí náà yí, kò sì padà. Ọwọ́ ọ̀tún ti gan mọ́ ọn, kò tú. Ọkọ̀ náà ń yí wọ inú, ń yí wọ inú, títí ó fi kọlu táyà tó sì dojú dé.

"Kí ló ṣe é?"

Mo sáré lọ gbé e. Mo wo táyà, mo wo ìdè, mo mi sítíárìn. Ó rọrùn gan-an fún mi láti sọ pé nǹkan tú. Yóò gbà mí gbọ́, a ó sì tún máa bá a lọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ náà lápá, ẹ̀kán òjò kan sì bọ́ sí mi lọ́rùn.

Mo ní, "Dádì, kò sí nǹkan kan tó ṣe é."

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wò mí, kì í ṣe ọkọ̀ ló wò. "Ó ti rẹ̀ ọ́."

Láti ìgbà tí ó ti ń ṣàìsàn, kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún mi. Mo ní, "Ó rẹ̀ mí." Ẹkún sì gbọ̀n mí.

"Èmi náà. Pe àbúrò mi. Kó wá mú kọ́kọ́rọ́ kí òjò tó rọ̀."

Ó na ọwọ́ òsì sí mi kí n fà á dìde. Ọwọ́ ọ̀tún ṣì di àgbá rímóòtù náà mú, kò lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan.