Ewé Tútù Lójú Ọ̀nà Zingwangwa

Mainala ò mọ ilé tí àbúrò ẹ̀ ń gbé. Zingwangwa ni wọ́n ṣáà sọ fún un, ní ìlú Blantyre níbẹ̀, Zingwangwa ò sì kéré: bíríkì pupa lọ títí, páànù tó ti dípẹtà lọ títí.

Ọdún mọ́kànlá ni òun àti Dailesi ò ti fojú kan ara wọn. Ọmọ Dailesi ló kú, Mainala ò lọ síbi ìsìnkú. Ó lóun ò rí ọkọ̀ wọ̀. Irọ́ ni! Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àgbàdo ìyá wọn ló ń bí i nínú. Ẹni tó bú ẹ lónìí, ẹ ṣì lè jọ bu òkèlè nsima nínú àwo kan lọ́la. Àmọ́ ẹni tí ò wá síbi òkú ẹ, kí lo tún fẹ́ bá a sọ? Ìgbà tí ara wá ń di arúgbó ni Mainala wá ń wá àbúrò ẹ̀ kiri láti bẹ̀ ẹ́. Gbogbo Sátidé ló ń fẹsẹ̀ rìn ín, òpópónà kan tẹ̀ lé òmíràn.

Lọ́jọ́ yìí, apá òkè ló gbà, nínú ẹrẹ̀ òjò àná. Oòrùn wà láàárín orí. Ó rí ẹ̀ka igi tútù tí wọ́n tò sójú ọ̀nà, kí ọlọ́kọ̀ lè mọ̀ pé òkú wà ládùúgbò, kó rọra. Ó tún ìró ìdí ẹ̀ so, ó ń lọ.

Kò séèyàn. Ẹnu ẹ̀rọ omi, korobá ló tò, kò sẹ́ni tó ni ín. Rédíò kan ń dá sọ̀rọ̀ nínú ilé tí wọ́n tì. Ẹ̀wà ń hó lórí èédú, kò sẹ́ni tó ń rò ó.

Ó wá rí obìnrin kan tó ń fọ àwo lẹ́yìnkùlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

Obìnrin náà gbójú sókè. Àwo bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó sá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà.

"Ìwà wo nìyẹn? Ṣé àwo ẹ ni mo wá gbà ni?"

Níwájú díẹ̀, bàbá arọ kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó wò ó títí.

"Kí ló dé tó o fi dìde?"

"Bàbá, mi ò tíì jókòó látàárọ̀, ibo ni mo ti fẹ́ dìde?"

"Jọ̀ọ́, padà síbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Dailesi, èmi ò bá ẹ jà rí o!" Bàbá náà fi fìlà bojú.

Òun àti Dailesi jọra débi pé ìyá tó bí wọn gan-an máa ń ṣì wọ́n pè. Mainala ń tẹ̀ lé ewé náà lọ.

Ilé yẹn kún. Ọkùnrin wà níta lórí bẹ́ǹṣì, obìnrin wà nílẹ̀ nínú yàrá. Bó ṣe yọ, ẹnì kan figbe ta, bẹ́ǹṣì dojú dé, àgbà méjì ṣubú lé ara wọn.

"Ẹ má sá!" Olórí àdúgbò ló pariwo. "Ẹ wo ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Èyí rìn wá ni. Ṣé ìwọ lẹ̀gbọ́n Dailesi?"

"Èmi ni."

"Láti ìjẹta la ti ń retí ẹbí. Ta ló fẹ́ ní ká gbé òkú, bí kò sí ẹni tó ni ín?"

"Èyí tí ò wá sin ọmọ àbúrò ẹ̀ yẹn?" obìnrin kan pòṣé. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ wá mọ̀nà lónìí!"

Mainala bọ́ bàtà, ó wọlé. Àwọn obìnrin sún sẹ́yìn, wọ́n fi ẹní sílẹ̀ fún un. Ó wo inú pósí. Ojú ara ẹ̀ ló ń wò, ó ti dijú, wọ́n ti di òwú sí i nímú.

"Ṣé ká gbé e?" olórí bèèrè látẹnu ọ̀nà.

Ó ń ṣe Mainala bíi pé bó bá fọhùn, òun ni wọ́n máa gbé.

"Ìyá, oòrùn ń lọ o. Ká gbé e?"

"Ẹ gbé e."

Obìnrin tó pòṣé lẹ́ẹ̀kan fọwọ́ bo ẹnu. Ohùn Dailesi ni, kò yàtọ̀ rárá. Wọ́n kan ìdérí ẹ̀ pa, wọ́n gbé e, Mainala ṣíwájú, gbogbo wọn sì fi àyè tó gbòòrò sílẹ̀ láàárín àwọn àti ẹ̀.